Mo Ní N Kò Mọ Ìṣirò

Ilé Aláwọ̀ Ewé, Yàrá Kejì,
Ẹ̀yìn Ilé-iṣẹ́ Omi.
Ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹta.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ayékòótọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Orúnkún ìyá yín tó ń dùn wọ́n nígbà tí o kọ̀wé kẹ́yìn, ṣé ó ti ń fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ níbi àwọn aláìsàn yín o. Mo mọ̀ pé nọ́ọ̀sì kì í rí àyè jókòó, àmọ́ tó bá jẹ́ ìdúró lo wà tí o fi ń ka lẹ́tà yìí, wá àga, nítorí ó máa gùn. Àwa náà wà láàyè. Àwọn ìbejì wà ní ilé-ìwé wọn, wọ́n ní kí n kí ọ dáadáa. Ara mi le. Inú mi ni kò dára, mi ò sì ní fi pa mọ́ fún ọ. Inú ń bí mi débi pé lánàá mo gé apá aṣọ oníbàárà kan sódì, èmi tí mo ti ń gé aṣọ láti ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún.

O bi mí pé ṣé mo ti wọ ilé-ìwé àwọn àgbà tí mo sọ fún ọ nípa rẹ̀. Mo ti wọ̀ ọ́. Dúró ná kí o tó bẹ̀rẹ̀ sí í jó.

O mọ̀ pé ọkọ mi ń ka mítà omi kiri láti ilé dé ilé. Lọ́dún tó kọjá, ilé-iṣẹ́ wọn ní ẹni tó bá fẹ́ di ọ̀gá lórí àwọn tó ń ka mítà gbọ́dọ̀ gba ìwé-ẹ̀rí ìṣirò. Bàbá Ìbejì bá forúkọ sílẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń lọ, gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n sì ń gba iṣẹ́ àṣetiléwá lọ́wọ́ wọn. Nítorí pé ó parí girama, kíláàsì kẹta ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ gan-an sì ni áljẹ́bírà ti bẹ̀rẹ̀. Ìwọ náà mọ ọkùnrin yìí. Kò sí ohun tó bàjẹ́ nínú ilé tí kò lè tún ṣe. Àmọ́ tí o bá ti fi x sáàárín nọ́ńbà báyìí, ojú rẹ̀ á dà bí ojú ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, ó jókòó ti ìwé náà láti ìgbà tí a jẹun ọ̀sán tán títí oòrùn fi kúrò lójú fèrèsé. Èmi ń gé aṣọ lórí tábìlì kan náà, nítorí tábìlì kan ṣoṣo la ní. Ìdoríkodò ni mo ti ń ka ìbéèrè rẹ̀: mo ronú kan nọ́ńbà kan, mo sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, mo yọ mẹ́rin kúrò nínú rẹ̀, ohun tó kù wá jẹ́ ìlọ́po méjì nọ́ńbà náà pẹ̀lú márùn-ún. Kí n tó gé apá òsì tán ni mo ti rí i pé mẹ́sàn-án ni. Mo dákẹ́. Mo dákẹ́ fún odindi wákàtí kan, nítorí mo mọ irú ẹni tí mo fẹ́. Nígbà tó wá fẹ́ fa ojú-ìwé ya ni mo ní, “Bàbá Ìbejì, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn x jọ sápá kan, kí ẹ kó nọ́ńbà jọ sápá kejì.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, mo ń ṣàlàyé, ó ń kọ. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń pè é, ó ń kọ. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ńṣe ló kàn ń gbé ìwé sílẹ̀ sórí tábìlì bí oníbàárà tó gbé aṣọ wá, á sì lọ sùn. Ó ní ìwé mi mọ́ ju tòun lọ, pé kí n kúkú máa kọ ọ́ sí i tààrà.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó ni mí lára. Ó dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Ìbéèrè kan wà níbẹ̀ tí n kò lè gbàgbé. Ó ní ká wá nọ́ńbà tó kéré jù lọ, tó jẹ́ pé tí a bá kó o jọ ní méjì-méjì, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Ní mẹ́ta-mẹ́ta, ẹyọ kan á ṣẹ́kù. Ní mẹ́rin-mẹ́rin, ní márùn-ún-márùn-ún, ní mẹ́fà-mẹ́fà, ẹyọ kan náà ni. Àmọ́ tí a bá kó o jọ ní méje-méje, kò ní ṣẹ́kù rárá. Mo da bọ́tìnnì sórí tábìlì, mo ń tò wọ́n, mo ń tú wọn, títí bọ́tìnnì fi tán. Mo wá rí i pé mi ò nílò bọ́tìnnì. Ọgọ́ta ni ibi tí méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, márùn-ún àti mẹ́fà ti kọ́kọ́ pàdé, nítorí náà ọgọ́ta-ọgọ́ta ni kí n máa lọ, kí n máa fi ẹyọ kan lé e. 61, méje kọ̀ ọ́. 121, ó kọ̀ ọ́. 181, ó kọ̀ ọ́. 241, ó kọ̀ ọ́. 301, ó wọlé ṣinṣin. Ayékòótọ́, mo dìde, mo rìn yí máṣìnnì mi ká lẹ́ẹ̀mejì. Kò sẹ́ni tí mo lè sọ ọ́ fún. Ọkọ mi ń hanrun.

Ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún un pé èmi náà fẹ́ lọ. Kì í ṣe torí ipò kankan. Mo kàn fẹ́ mọ ohun tó wà níwájú ni. Ìwọ náà mọ̀ pé kíláàsì kẹta girama ni mo dé tí bàbá mi fi kú, tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ṣẹ́. Ẹ̀yin lọ sí kẹrin, èmi jókòó sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi, mo ń tú okùn, mo ń wò yín bí ẹ ṣe ń kọjá. Ọkọ mi gbà. Ó ní ìgbà tí wọ́n bá tún ń gba èèyàn, kí n wọlé. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni wọ́n ń gba èèyàn, wọn kì í sì í gba ẹni tó bá ti lé ní ọdún márùndínláàádọ́ta. O mọ ọjọ́ orí mi, oṣù mẹ́ta péré ni mo fi jù ọ́ lọ. Ọdún yìí nìkan ló kù fún mi. Wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ wá èèyàn lẹ́nu wò ni, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n dáadáa á bọ́ sí kíláàsì kẹta tààrà.

Ó wá ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n gba èèyàn ni mo fọwọ́ ara mi bà á jẹ́. Ìbéèrè tí wọ́n fún wọn lọ báyìí: aṣọ ìnuwọ́ kan wà, gígùn rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀ pẹ̀lú ínǹṣì mẹ́ta, tí a bá wọn etí rẹ̀ yí ká, ó jẹ́ ínǹṣì mẹ́rìndínláàádọ́rin. Kí ni ìbú, kí ni gígùn? Mo ṣe é. Ìbú jẹ́ mẹ́wàá, gígùn jẹ́ mẹ́tàlélógún. Kò sí àbùkù kankan níbẹ̀. Níbi tí wọ́n wá ní ká kọ ìdáhùn sí, mo kọ mọ́kànlá àti mẹ́rìnlélógún, mo tún kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé: “pẹ̀lú àyè etí.”

Ṣé ò ń rẹ́rìn-ín? Rẹ́rìn-ín, mi ò bínú. Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń gé aṣọ, n kò gé ọ̀kan rí láìfi ìdajì ínǹṣì sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan fún kíká. Wọ́n ti pè é ní aṣọ, ọwọ́ mi sì ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ọkọ mi kò yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ká ìwé sábẹ́ abíyá, ó lọ.

Olùkọ́ wọn jẹ́ ọmọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń wọ jígí, bóyá ló ju ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lọ. Ó pe ọkọ mi síwájú pátákó, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàlàyé àyè etí yìí fún wa.” Ọkọ mi ní àṣìṣe ni. Olùkọ́ ní, “Kí ni iṣẹ́ ìyàwó yín nílé?” Kí ọkọ mi tó la ẹnu, gbogbo kíláàsì ti bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, Àyè Etí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé-ìwé, wọ́n ní kó kọ ìlà méjì kí wọ́n fi wé ti inú ìwé. Ó kọ ọ́ gbágungbàgun, ó ní ìdérí mítà ló já lé òun lọ́wọ́. Ó búra pé òun lòun ṣe gbogbo iṣẹ́ yẹn. Ọ̀gá ilé-ìwé ní kò burú, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àṣírí bá tú pé ẹlòmíì ló ń bá a ṣe é, àwọn máa lé e, àwọn á sì kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ omi.

Bó ṣe wọlé lọ́jọ́ yẹn, kò kí mi. Ó ní, “O mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni.” Mo ní, “Ta ló ní kí ẹ má wo ìwé tí ẹ fẹ́ fi sílẹ̀?” Ó ní, “Ìyá Ìbejì, o ti sọ mí di ẹlẹ́yà, o tún ń sọ̀rọ̀!” Ìgbà tó yá ló wá sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ gan-an, pé kí n má lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà mọ́, pé tí olùkọ́ yẹn bá fi lè rí ọwọ́ ìkọ̀wé mi, ó ti tán fún òun nìyẹn. Mo ní ọdún mìíràn kò sí fún mi. Ó ní ìyẹn ò kan òun. Ọjọ́ mẹ́ta la fi ń kọjá lára ara wa nínú yàrá kan bí àlejò. Lọ́jọ́ kẹrin, mo sọ fún un pé màá lọ, pé mi ò ní fi ọwọ́ mi kọ nǹkan kan níbẹ̀. Mo ní kí dẹ́rẹ́bà tó ń gbé yàrá kẹta bá mi kọ ohun tó yẹ sínú fọ́ọ̀mù. Mo ṣèlérí fún ọkọ mi pé mi ò ní tú àṣírí rẹ̀.

Mo dé ibẹ̀ ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Yàrá kékeré kan ni, fáànù òkè rẹ̀ ń dún kẹ̀ẹ̀kẹ̀ẹ̀, ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní òkìtì lójú fèrèsé. Olùkọ́ yẹn ló jókòó, pẹ̀lú akọ̀wé obìnrin kan tó gbé bírò dání. Mo ti múra sílẹ̀, o ò mọ bí mo ṣe múra sílẹ̀ tó. Lójú ọ̀nà ni mo ti ń bi ara mi ní ìbéèrè tí mo ń dá ara mi lóhùn. Ó ka fọ́ọ̀mù mi, ó rí àdírẹ́sì, ó gbé ojú sókè. “Ẹ̀yin ni ìyàwó ọ̀gá tó ń ka mítà, mà?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ló bá na ọwọ́ sínú òkìtì yẹn, ó fa ìwé kan yọ. Kò di ìgbà tó sọ. Àjákù aṣọ aláwọ̀ búlúù ni mo fi bo ìwé yẹn, èmi ni mo rán an.

Mo rò pé ojú ìwé aṣọ ìnuwọ́ ló máa ṣí. Kò ṣí i. Ojú ìwé tí mo ti rí 301 ló ṣí, kò sì bínú rárá, ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ọmọ tó rí ohun tó wù ú. Ó ní, “Mà, ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn èèyàn níbí. Gbogbo wọn ló máa ń dán nọ́ńbà wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí á fi sú wọn. Ẹni tó ṣe èyí nìkan ló wá ibi tí wọ́n ti pàdé. Ẹ jọ̀ọ́, mà, ta ló ṣe é?”

Ayékòótọ́, láti ìgbà tí mo ti kúrò ní kíláàsì kẹta, kò sẹ́ni tó bi mí ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ìdáhùn ti dé orí ahọ́n mi. Mo wo bírò lọ́wọ́ akọ̀wé. Mo rò ó pé tí mo bá ní èmi ni, lónìí ni wọ́n máa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ omi, ọkọ mi á sì máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo mítà kiri títí tí ẹ̀yìn rẹ̀ fi máa kán.

Mo ní, “Ọkọ mi ni, sà. Èmi ò mọ ìṣirò.”

Ó ní, “Ṣé ó dá yín lójú, mà?” Mo ní ó dá mi lójú. Ó wá ní kò burú, pé kí òun bi mí ní nǹkan díẹ̀ kí àwọn lè mọ kíláàsì tí wọ́n máa fi mí sí. Ó ní méje lọ́nà mẹ́jọ. Mo mọ̀ pé tí mo bá gba èyí, á béèrè òmíràn, tí mo bá gba ìyẹn, ojú mi á tú mi fó. Mi ò lè gba díẹ̀ kí n fi díẹ̀ sílẹ̀, n kò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe irú ẹ̀. Mo bá na ìka ọwọ́ mi sílẹ̀ lórí itan, mo ń kà wọ́n níwájú ọmọ tí mo lè bí. Mo ní, “Mẹ́rìnléláàádọ́ta, sà.” Akọ̀wé ní, “Ẹ má ṣèyọnu, mà, díẹ̀díẹ̀ ni, ẹ máa mọ̀ ọ́n.” Ohùn rẹ̀ tutù, àánú mi ń ṣe é tọkàntọkàn. Ó kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù mi pé kíláàsì kìn-ín-ní. Olùkọ́ ti pa ìwé yẹn dé, kò sì wo ojú mi mọ́.

Mi ò tíì bọ́ bàtà tí ọkọ mi fi bi mí pé kí ni mo sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Ó mí kanlẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní, “Mẹ́rìnléláàádọ́ta! Ìwọ obìnrin yìí!” Ó pàtẹ́wọ́, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun mọ̀ pé aya rere lòun fẹ́. Ọdún méjìlélógún la ti fẹ́ra wa. Mi ò kórìíra ẹnikẹ́ni láyé mi bí mo ṣe kórìíra ọkùnrin yẹn ní ìṣẹ́jú náà. Mo sì tún gbé oúnjẹ fún un.

Ọ̀sẹ̀ méjì rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní ká mú igi ìṣáná ọgọ́rùn-ún wá, ká lè fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń kà. Bàbá kan tó ń ṣọ́ ilé-epo ló jókòó sọ́wọ́ ọ̀tún mi, ìyá kan tí kò tíì lè kọ mẹ́rin kó dúró dáadáa wà lósì. Èèyàn dáadáa ni wọ́n, wọn ò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó ku ọdún méjì gbáko kí n tó dé kíláàsì kẹta. Pákó lásán ni wọ́n fi la yàrá wa àti tiwọn. Lọ́jọ́bọ̀ mo gbọ́ olùkọ́ yẹn tó ń bi wọ́n pé tí a bá mú nọ́ńbà mẹ́ta tó tẹ̀ léra wọn, tí a sọ wọ́n di púpọ̀ mọ́ra wọn, kí ló dé tí mẹ́fà fi máa ń pín in dọ́gba nígbà gbogbo. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Mò ń gbọ́ ìdákẹ́ wọn láti òdìkejì. Nínú mẹ́ta tó tẹ̀ léra, méjì á pín ọ̀kan ó kéré tán, mẹ́ta náà ò sì ní ṣàì rí ọ̀kan tirẹ̀ pín. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Olùkọ́ tiwa ní, “Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka igi ìṣáná méjìlá fún wa.” Mo kà á. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi.

Lánàá, Bàbá Ìbejì gbé ìwé sórí tábìlì mi. Ìbéèrè tí mo gbọ́ lọ́jọ́bọ̀ yẹn ló wà níbẹ̀. Ó ní lọ́tẹ̀ yìí kí n kàn máa pè é, pé òun á fi ọwọ́ ara òun kọ ọ́. Mo ní, “Ẹ má bínú, a ò tíì kọ́ ìyẹn ní kíláàsì tiwa. Oókan dé ogún la ṣì wà.” Ó rẹ́rìn-ín, ó rò pé mò ń ṣeré. Nígbà tó wo ojú mi, ẹ̀rín náà tán lẹ́nu rẹ̀. Ní báyìí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, ó wà ní òdìkejì tábìlì, ó ń jẹ ìdí bírò, ọ̀túnla ló gbọ́dọ̀ fi í sílẹ̀. Mo mọ̀ pé tí wọ́n bá lé e, a jẹ́ pé lásán ni mo fi ara mi wọ́lẹ̀ níwájú àwọn èèyàn yẹn. Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹnu mi ò ṣí ni.

Bá mi kí ọkọ rẹ, kí o kí ìyá wa, kí o sọ fún wọn pé kí wọ́n má máa gun àtẹ̀gùn yẹn mọ́. Ohun kan ni mo fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ rẹ. Ọmọ rẹ tó ń ka ìṣirò ní yunifásítì, bẹ̀ ẹ́ kó kọ ìbéèrè márùn-ún ránṣẹ́ sí mi, kí ó má yan èyí tó rọrùn. Màá ṣe wọ́n, màá dá wọn padà. Kó fi bírò pupa máàkì wọn, ì báà jẹ́ òdo ni mo gbà, kó kọ ọ́ sí i gàdàgbà kí n rí i. Kó má kọ Ìyá Ìbejì sókè ìwé náà o, kó má sì kọ ìyàwó ẹnikẹ́ni. Orúkọ tí ẹ ń pè mí ní kíláàsì kẹta torí ìṣirò ni kó kọ.

Èmi náà ni, tìrẹ láti ìgbà yẹn,
Orí-Ẹ̀rọ.